Ọwọ́ Ta Ló Wà Lórí Dáṣíbọ́ọ̀dù Yìí?

Ọkùnrin kan wà tó fura ju ológbò lọ. Ológbò á fura títí, á ṣì rí àyè sùn. Ọkùnrin yìí ò rí àyè. Bí adìyẹ bá kọjá níwájú ẹ̀, á dúró bi í pé ta ló rán an. Bí òjò bá rọ̀ sí oko ẹ̀ ṣáájú oko ẹlòmíì, á ní kí ni òjò náà ń wá. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó yíjú padà lójijì, ó rí òjìji ara ẹ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti ń tẹ̀ lé mi?" Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ fún mi ò purọ́ jù mí lọ.

Akínbọ̀dé, fa àga ẹ súnmọ́ ibí. O ti wá sọ tìẹ, mo sì ti gbọ́. O ní ìyàwó ẹ àti àbúrò ẹ̀ obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, bó o bá ti wọlé, wọ́n á pa ẹnu mọ́. O ní o ti di ẹrù ìyàwó náà sínú àpò, ó ku kó o gbé e sẹ́nu ọ̀nà kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Ó dáa. Àpò ò ní ẹsẹ̀, kò ní sá lọ. Jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí tán ná.

Òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin jọ ń gbé inú ilé kan ni, àwọn àti ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Bàbá wọn ti kú, nítorí náà òun ni àgbà ilé. Àbúrò yìí ní ọmọbìnrin kan tí ọkọ ti yọjú sí, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìdána. O mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n ló máa jókòó gba àwọn àna. Òun ni wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún. Òun ló máa súre fún ọmọ náà, mọ́tò ẹ̀ ló sì máa gbé e lọ sílé ọkọ. Bí kò bá jókòó, àwọn àna á gbé iṣu wọn, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá, ọmọbìnrin á sì wà nílẹ̀.

Mọ́tò yẹn ni mo fẹ́ sọ. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó mọ iyì ara ẹ̀. Ohun tó dára jù nínú ẹ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi gígùn tó nà gbalaja níwájú awakọ̀ lábẹ́ gíláàsì, tí aago ọkọ̀ àti rédíò wà lára ẹ̀. Kì í kọ mànà bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Dúdú jẹ́jẹ́ ni, bí ilẹ̀ ìdí odò.

Àbúrò ló ń fọ mọ́tò náà ní Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Á kọ́kọ́ tì í lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ kí inú ẹ̀ lè tutù, torí ó ní ohun tí oòrùn bá ti sè, wọn kì í fi omi lé e lórí lójijì. Á wá mú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kan tó rọ̀, á fi gbá eruku kúrò ní gbígbẹ, títí dé ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà ló ń mú àkísà tó fẹ́lẹ́, á rì í sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, á fún un títí tí omi ò fi ní kán lára ẹ̀ mọ́. Àkísà ló ń fún lómi. Kò da omi lu dáṣíbọ́ọ̀dù rí. Á nù ún jẹ́jẹ́, á fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ lé e. Bó bá ra ọṣẹ tuntun, kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí ojú ò tó ló ti ń dán an wò. Á sì máa kọrin bó ṣe ń ṣe é. Orin náà ò dùn. Ohùn ẹ̀ burú débi pé máńgòrò tí ò tíì pọ́n ń já sílẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n á dúró lẹ́yìn fèrèsé, á máa wò ó.

Ó pe ìyàwó ẹ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀, wá wo bó ṣe ń nù ún."

"Ó ń nù ún dáadáa."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ta ní í rọra fọwọ́ pa ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ lára báyẹn?"

"Bó bá wá ń ha á bí ìdí ìkòkò ńkọ́, bàbá Bọ́sẹ̀?"

"Ìyẹn ì bá yé mi."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jáde sí àbúrò ẹ̀. Ó ní kó má fọwọ́ kan inú mọ́tò òun mọ́, ìta nìkan ni kó máa fọ̀. Àbúrò ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n." Ó gbé korobá ẹ̀, ó lọ.

Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó, inú ẹ̀ ò dùn. Ó ní, "Kí ló dé tó fi tètè gbà?"

Wàyí o, lọ́jọ́ tí mọ́tò náà dé, pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. Ó fi orí ìka kan tọ́ òróró, ó fi kan dáṣíbọ́ọ̀dù, bíńtín bí ojú èèrà. Ó ní ó tó. Ọkùnrin yìí ò gbà pé ó tó. Ó ní òróró tó wà nínú ìgò pásítọ̀ pọ̀ gan-an, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bíńtín ló fi sí tòun. Bóyá ẹnìkan ti lọ bá a sọ nǹkan. Ó ra ìgò òróró tiẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde ìsìn ní Sọ́ńdè, á da òróró náà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa dáṣíbọ́ọ̀dù láti etí kan dé ìkejì. Bó bá parí, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọ̀gangan ibi tí èrò iwájú ń jókòó, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti ògiri ṣubú, á gbàdúrà síbẹ̀ títí òógùn á fi bò ó. Ibì kan náà ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Òróró kì í ṣe ohun ìnu dáṣíbọ́ọ̀dù, Akínbọ̀dé. Má fi pa tìẹ láéláé. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa pe eruku. Oòrùn á sè é títí á fi le. Á sì máa dán, dídán ẹ̀ á sì gun gíláàsì iwájú, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tó bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, awakọ̀ á máa rí i nínú gíláàsì bí ìgbà tó ń wo dígí. Ọyẹ́ sì dé lọ́dún yẹn, ọyẹ́ tí eruku ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n lè gbin àgbàdo sórí àga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wa mọ́tò lọ sọ́jà. Oòrùn wà lórí gan-an. Ó gbójú sókè, ó rí ohun funfun kan tó lóṣòó sínú afẹ́fẹ́ níwájú ẹ̀, ó ń bá a sáré lọ. Ó yà bàrá, ó fẹ́ẹ̀ kó sí gọ́tà. Ó dúró. Ohun funfun náà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú fìlà ẹ̀ funfun tó gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dé e. Nígbà tó padà wọlé, ohun funfun náà ti lọ.

Ó ní, "Ó rí i pé mo ti dé fìlà. Ó sá."

Ìgbà tó wá ń wo inú mọ́tò kínníkínní báyìí ló rí ọwọ́ náà. Àmì ọwọ́ ni, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú àga èrò. Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó funfun báláú. Àtàǹpàkò wà níbẹ̀. Ìka tó tẹ̀ lé e wà. Ti àárín ò sí, àlàfo ló wà níbẹ̀. Méjì tó kù wà. Ọwọ́ oníka mẹ́rin. Bí ọwọ́ kejì ẹni tó ni ín bá pé, oníka mẹ́sàn-án ni.

Ó ní ẹnì kan ti wọ inú mọ́tò òun, ó ti gbé ọwọ́ lé ayé òun.

Ó wa mọ́tò náà délé, kò dúró lábẹ́ igi. Inú oòrùn ló gbé e sí. Ó mú kẹrosíìnì. Ó mú kànìnkànìn onírin tí ìyàwó ẹ̀ fi ń ha ìkòkò. Ó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ibi tí ọwọ́ yẹn wà, ó ní ẹ̀rí lòun fi í ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ibi tó kù ló wá gbéjà kò. Ó ha á bí ẹni tó ń ha ara ẹja. Nígbà tó gbé kànìnkànìn sókè, ó rí i pé ó ti dúdú. Ó pariwo pe ìyàwó ẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, wá wò ó. Oògùn náà ti ń jáde."

Ìyàwó ẹ̀ yọjú wò ó. "Bàbá Bọ́sẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ni ẹ̀ ń bó."

"Ta ló sọ fún ẹ pé àwọ̀ ẹ̀ ni? Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?"

Obìnrin náà padà sídìí iná ẹ̀.

Ọkùnrin náà po ọṣẹ ìfọṣọ lúbúlúbú mọ́ omi, abọ́ kan gbáko, ó dà á lé e lórí bí ẹni tó ń wẹ ẹṣin. Omi wọnú rédíò lọ. Rédíò sọ kẹ̀kẹ̀, ó kú. Ó ní wọ́n ti pa á lẹ́nu kó má bàa sọ ohun tó rí. Ó ha ojú aago títí ó fi ṣú bí ojú arúgbó, kò rí abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo hàn mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò dá a dúró lójú ọ̀nà oko, kò sí epo nínú ẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n ti dè é. Bó ṣe ń ha á sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń burú sí i. Bó ṣe ń burú sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rí i pé àwọn ọ̀tá òun lágbára. Níkẹyìn, dáṣíbọ́ọ̀dù tó dúdú jẹ́jẹ́ di funfun, ó rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀sẹ̀ ìdána ló pe gbogbo ilé jọ sójúde. Àbúrò ẹ̀ wá, ìyàwó àbúrò wá, ìyàwó tiẹ̀ náà wá. Ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun ẹ̀ sílẹ̀ de ìdána.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ni oníka mẹ́sàn-án nínú ilé yìí?"

Gbogbo wọn wolẹ̀.

Akínbọ̀dé, ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún ẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, má bínú. Nígbà tí ọkùnrin yìí wà lọ́mọdé, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gé koríko ewúrẹ́, àdá yẹ̀, ó gbé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lọ. Òun fúnra ẹ̀ ni oníka mẹ́sàn-án.

O ń rẹ́rìn-ín. O fẹ́ bi mí pé ṣé kì í wo ọwọ́ ara ẹ̀ ni. Dúró ná. Ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, pé a kì í ka oníka mẹ́sàn-án lójú ara ẹ̀. Nínú ilé yẹn, wọn ò fi òwe yìí ṣeré. Láti ọjọ́ tí ìka yẹn ti lọ, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní òǹkà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń mú un lọ. Bí òǹtajà bá fẹ́ na ìka márùn-ún sókè láti fi sọ iye ọjà níwájú ẹ̀, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n pa á mọ́ fún un, wọ́n pa á mọ́ fún un, títí òun náà fi gbàgbé. Ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí àbùkù ẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń pé lójú ẹni tó ni ín.

Nítorí náà wọ́n wolẹ̀. Wọ́n wolẹ̀ torí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Òun rí i, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ló ń mú wọn wolẹ̀.

"Ẹ wo ara yín," ó ní. "Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n."

Àbúrò ẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Ẹ jẹ́ kí n fọ mọ́tò náà fún yín, ó máa kúrò."

"O fẹ́ nù ún kúrò. O ti ń nù ún tipẹ́, èmi ni mi ò mọ ohun tó ò ń nù."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo ní ìka mẹ́sàn-án?" Àbúrò na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì síwájú, kíá ló sì ká wọn padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, torí ó rántí.

Ẹ̀gbọ́n rí i pé ó ká a padà. "Kí lò ń fi pamọ́?"

Àbúrò ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá sọ òótọ́, ó ti bú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní gbangba. Bí kò bá sọ ọ́, òun ni ọ̀tá tí wọ́n ń wá.

Ọkùnrin náà wá sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó ní bí oníka mẹ́sàn-án ò bá jáde kó tó di ọjọ́ ìdána, òun ò ní jókòó gba àna kankan. Ó ní kí àbúrò òun kó ẹrù ẹ̀, kó wá ibòmíì gbé. Ọmọbìnrin yẹn bú sẹ́kún. Ó ń sunkún, omi ojú ẹ̀ pọ̀ débi pé pẹ́pẹ́yẹ àwọn aládùúgbò yà wá wò ó bóyá odò ni. Síbẹ̀ kò sọ ohun tó mọ̀. Ọmọ tó dáa ni.

Àbúrò ò kó ẹrù. Abúlé ló lọ, ó lọ gbé àbúrò ìyá wọn wá lórí ọ̀kadà. Ìyá àgbà ni, ó ti gbó débi pé àwọn igi tó bá a dọ́gbà ti wó. Òun ló di ọwọ́ ọkùnrin yìí lọ́jọ́ tí àdá ṣe é. Oríkì ló fi ń pè é, òun nìkan ló sì kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó tún ìró ẹ̀ ró. "Àdìgún, wọ́n ní o ń wá ẹnì kan."

"Oníka mẹ́sàn-án ni mò ń wá, mọ́mì."

Ìyá àgbà wo ojú ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó wolẹ̀.

"Oníka mẹ́sàn-án," ó ní. "Áà."

"Ẹ̀yin náà ti ń wolẹ̀."

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Níbo ni ọwọ́ náà wà?"

Ó mú un lọ sídìí mọ́tò. Ó ṣí ọ̀rá kúrò. Àmì náà wà níbẹ̀, ó funfun, ìka mẹ́rin. Ìyá àgbà wò ó, ó tún wo dáṣíbọ́ọ̀dù tó kù, èyí tó ti bó. Ó fọwọ́ pa á. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

"Ibẹ̀ ni mo ti ń lé oògùn jáde."

"Hẹn-ẹ́n." Ó wá yíjú sí gbogbo ilé. "Kò le. Ọwọ́ ò lè purọ́. Kí olúkúlùkù wá gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé e. Ẹni tó bá bá a mu, òun ni."

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mọ́mì. Ohun tí wọ́n ò jẹ́ kí n ṣe nìyẹn." Ó nawọ́ sí àbúrò ẹ̀. "Ìwọ, bọ́ síwájú."

"Rárá o," ni ìyá àgbà wí. "Àdìgún, níbo lo ti rí i tí ọmọdé ń fọwọ́ bọ àwo ṣáájú àgbà? Ta ni àgbà ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kí wọ́n má bàa sọ pé o yọ ara ẹ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́, kò lè jiyàn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó gbé e lé e. Àtàǹpàkò bọ́ sójú àtàǹpàkò. Ìka tó tẹ̀ lé e bọ́ sí àyè ẹ̀. Àlàfo bọ́ sójú àlàfo. Àwọn méjì tó kù wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún gbé e lé e. Ó tún bọ́ síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pàápàá dáwọ́ jíjẹ dúró. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ ara ẹ̀ sókè sójú oòrùn, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún.

Ó ní, "Ẹ̀yin ti mọ̀?"

Gbogbo wọn tún wolẹ̀. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ìwolẹ̀ náà yé e.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé omi wá. Àbúrò ló mú àkísà. Ó ti mọ́tò náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó jẹ́ kó tutù. Ó rì àkísà sínú omi ọṣẹ, ó fún un gbẹ, ó fi nu ojú ọwọ́ yẹn. Akínbọ̀dé, gbọ́ èyí dáadáa. Ó fi nù ún díẹ̀, ó kúrò. Ọwọ́ tó ti fẹ́ tú ilé ká, tó ti fẹ́ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀, omi àti ọṣẹ díẹ̀ ló fẹ́. Abẹ́ ẹ̀ dúdú jẹ́jẹ́, bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ó wá nu ibi tó kù, èyí tí ẹ̀gbọ́n ti fi irin àti kẹrosíìnì ha. Ó nù ún, ó nù ún. Kò lọ. Títí dòní kò lọ.

Ìdána wáyé. Ọkùnrin náà jókòó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, ó súre. Ó gbé ọmọ náà lọ sílé ọkọ. Rédíò ò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Àbúrò ẹ̀ ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn sì wà níwájú àwọn méjèèjì jálẹ̀ ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́. Àbúrò ní kò sí nǹkan kan. Ní Sátidé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ mọ́tò náà, inú àti ìta, bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún dúró lẹ́yìn fèrèsé. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ mọ́. Ó kàn ń retí kó kọrin ni, orin burúkú yẹn tó ń já máńgòrò sílẹ̀. Àbúrò ń fọ̀ ọ́, ó ń nù ún jẹ́jẹ́. Kò kọrin.

Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Àmì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi gbé e lọ. Èyí tó fi ìfura dá síbẹ̀ ló kù.

Ìwọ náà ńkọ́, Akínbọ̀dé. O wọlé, wọ́n dákẹ́. O ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní nǹkan nínú. Mi ò jiyàn, ó lè ní. Ṣùgbọ́n o ò tíì bi obìnrin yẹn ní ohunkóhun, àpò lo kọ́kọ́ mú. Kẹrosíìnì nìyẹn. Ara ẹ gbóná nígbà tó o wọlé síbí, mo gbóòórùn ìbínú lára ẹ láti ẹnu ọ̀nà. Ilé tí oòrùn ti sè, o fẹ́ lọ da omi lé e lórí. Kọ́kọ́ tì í sábẹ́ igi. Jókòó, jẹun, sùn bó o bá lè sùn. Tó o bá délé, tú àpò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ohun kékeré ni kó o kọ́kọ́ bi í, ní kọ̀rọ̀ tí ojú ò tó, kó o fi wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa bá a. Má ṣe é lójú àbúrò ẹ̀. Kí ohùn ẹ rọ̀ bí àkísà yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ń kán lẹ́nu ẹ, fún un gbẹ kó o tó gbé e débẹ̀.

Kó tó di ìyẹn pàápàá, gbé ọwọ́ tìẹ lé e ná. Ìwọ ni àgbà ilé. Ìwọ ló ń bẹ̀rẹ̀.

O ní kí ni? O ní ṣé ohun kan wà lára ẹ tí àwọn èèyàn mọ̀, tí wọn ò sọ sójú ẹ? O ní kí èmi tí mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré sọ ọ́ fún ẹ?

Simẹ́ńtì ilẹ̀ yìí mà dára o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò là.

Rárá, mi ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Máa lọ sílé, Akínbọ̀dé.